Ibi tí agbára ohùn ń bọ́ sí

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Ítálì ni mo gbájú mọ́ láti ìrọ̀lẹ́. "Parlo" ni "mò ń sọ̀rọ̀": PAR-lo. Lẹ́tà ńlá ni mo fi kọ sílébù (ègé ọ̀rọ̀) tó gba agbára ohùn, ìyẹn èyí tí a ń pè kíkankíkan ju ìyókù lọ. Tó bá kan "àwa", agbára ohùn á sún síwájú, par-LIA-mo. "Ẹ̀yin" náà bẹ́ẹ̀, par-LA-te. Tó wá kan "àwọn", á tún sáré padà síbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: PAR-la-no. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń pè é ní par-LA-no, torí pé sílébù tó ṣìkejì láti ìparí ni agbára máa ń wà jù nínú èdè náà.

Ohun tí mo rí dì mú ni pé ibi tí "èmi" bá tẹ̀dó sí ni "àwọn" náà ń wà. Te-LE-fo-no, mò ń pe èèyàn lórí fóònù. Te-LE-fo-na-no, sílébù mẹ́ta gbáko ló tẹ̀lé èyí tó gba agbára. A-bi-to, mò ń gbé níbì kan, agbára wà lórí A. A-bi-ta-no, ó ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n im-PA-ro, mò ń kọ́ ẹ̀kọ́, im-PA-ra-no. Bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, telefonare, abitare, imparare, kò fi ìyàtọ̀ yìí hàn rárá, -A-re ni gbogbo wọn ń tẹ̀ mọ́. Lójú tèmi, olùkọ́ tó bá fún akẹ́kọ̀ọ́ ní "imparare" láìfún un ní "imparo" kò tíì fún un ní ọ̀rọ̀ náà tán.

Pípín sílébù tún níṣẹ́ tirẹ̀. Nínú im-PA-ro, fáwẹ̀lì ló parí sílébù tó gba agbára, nítorí náà á fà díẹ̀. Nínú PAR-lo, r ti sé e mọ́, kò ráyè fà. Bẹ́ẹ̀ náà ni par-le-RE-mo, a ó sọ̀rọ̀, àti par-le-REM-mo, à bá sọ̀rọ̀. Ẹ pe méjèèjì sókè, ẹ ó gbọ́ ọ.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni "studio", mò ń kàwé: STU-dio, sílébù méjì, i ti wọnú o. "Invio", mò ń fi ránṣẹ́, jẹ́ mẹ́ta: in-VI-o, i dá dúró, òun ló gba agbára. Tí a bá wá fẹ́ kọ ti "ìwọ", i kan ni "tu studi" ní, "tu invii" ní méjì! Èdè tí kì í sábà fi àmì sí agbára yìí àfi tó bá bọ́ sórí fáwẹ̀lì ìparí, bíi "parlò", ó sọ̀rọ̀, ti fi ojú rẹ̀ hàn nínú àkọtọ́ níbí.

Lọ́la, àwọn tó parí sí -ere ló kàn: ve-DE-re, PREN-de-re.