Ìbéèrè tí mo fi òwe lé padà

Oṣù yìí ló pé ọdún 15 tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Àkúrẹ́. Ẹ̀yin kọ́pà àti ẹ̀yin tíṣà tuntun, mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń ráhùn ní staff room pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lè ka ìwé àtijọ́ kí wọ́n má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà ti ráhùn bẹ́ẹ̀ rí o.

Èkíní, ẹ ka ìwé yẹn tán kẹ́ ẹ tó wọ kíláàsì. Èkejì, tí ọmọ bá béèrè nǹkan... ẹ jẹ́ n kúkú sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Chike and the River tí Achebe kọ ní 1966 là ń kà ní JSS2. Ẹ mọ̀ ọ́n, ìyá Chike ní kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àǹkù ẹ̀ ní Onitsha. Ni kíláàsì bá gbaná: ṣé ìyá yẹn ò fẹ́ràn ẹ̀ ni? Tíṣà Civic ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọn ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, mo ní ìyẹn ló ń gùn wọ́n. Inú bí mi, torí ilé àǹkù lèmi náà gbé dàgbà l'Óǹdó, mo ń kiri ẹ̀kọ kí n tó lọ síléèwé, ṣebí mo di èèyàn! Ọmọbìnrin kan wá nawọ́ lẹ́yìn: "Ma, tí Chike bá ní òun fẹ́ padà sílé, ṣé wọ́n á jẹ́ kó lọ?" Mo ní ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó, pé òyìnbó ti ba tiwọn jẹ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó jókòó.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, mo pàdé ẹ̀ ní Ọjà Ọba, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù, ẹyin sísè wà lórí ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àǹtí kan ló ń gbé. Ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ló fi Chike bò. Nígbà tá a wọlé ní táàmù kejì, a ò rí i mọ́, mo wádìí títí. Ẹni tá a jọ ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yẹn ní staff room ló tún lọ sọ fún ọ̀gá pé mi ò lójú àánú, ó ń dùn mí dòní.

Ohun tí mi ò sọ fún kíláàsì lọ́jọ́ yẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì lèmi náà di ẹrù mi l'Óǹdó, tí mo rìn dé gáréèjì kí àǹkù tó wá fà mí padà.