Òṣé tí ọmọ mi pa

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ṣe POS bíi tèmi, ẹ dákun ẹ gbọ́. Láti ọjọ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́rùn mi.

Ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ mi ní Ọjà Ọba ni ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 6, àti ọmọ aláta ti ń ṣeré ìyá àti ọmọ. Ó gbé páálí bisikíìtì kalẹ̀, ó fi rìmóòtù tó ti bàjẹ́ ṣe POS, ó já ewé ṣe owó. Mo ń wò ó, inú mi ń dùn. Ni ọmọ aláta bá ní, "Màámi, ebi ń pa mí." Ọmọ mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ju ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni ń lé eṣinṣin, ó pòṣé, ó ní, "Ṣé o ò rí i pé nẹ́tíwọ̀kì ò dáa ni? Lọ jókòó jàre!"

Ohùn mi ni. Òṣé mi ni. Oníbàárà tó dúró níwájú mi bú sẹ́rìn-ín: "Àńtí, ọmọ yín nìyí lóòótọ́." Owó tí mò ń kà dàrú mọ́ mi lọ́wọ́.

Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn ọmọ mi o. Bí mi ò bá ṣe iṣẹ́ yìí, ta ni ì bá san owó iléèwé rẹ̀?

Ohun tí mo kọ́ ni pé kí ẹ máa wo eré ọmọ yín. Òkèlele ní Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, ní Dada, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò amọ̀. Ìyá àgbà ń mọ ìkòkò, ó ń kọrin. Àwa náà á bu amọ̀, a ó mọ ìkòkò kéékèèké, a ó máa kọ orin rẹ̀. Orin ni ìyá àgbà fi sínú eré wa. Èmi fi òṣé sínú ti ọmọ mi.

Ẹ má sì nà wọ́n nítorí eré. Ọwọ́ mi ti gbéra, Ọlọ́run ló dì í mú. Bí mo bá nà án, ibi tí mi ò ti ní í rí i ni yóò ti máa ṣe é.

Àgbà náà kò yàtọ̀. Bàbá mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n bá ti oko dé, wọ́n á da ọmọ ayò 48 sí ilé 12, mẹ́rinmẹ́rin. Bí wọ́n ṣe ń sọ àgbàdo sínú ebè ni wọ́n ṣe ń sọ ọmọ ayò kálẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe látàárọ̀ ló ń bá a dé ìdí eré. Ẹ ṣáà máa wo eré ọmọ yín.

Mo ti ń pa ẹ̀rọ lọ́sàn-án báyìí kí a lè jọ jẹun. Lánàá, ó tún gbé páálí rẹ̀ jáde. Mo dá iṣẹ́ dúró, mo tẹ́tí sílẹ̀.