Ẹ̀yin ọmọ IT (Industrial Training), ẹ wá gbọ́ ti táǹkì òfìfo

Ẹ̀yin àbúrò mi, ohun tí mo rí lọ́wọ́ ọ̀kan nínú yín ní Tuesday tó kọjá ló mú mi jókòó kọ èyí. Ó compile program tó kọ fún PLC (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ), kò sí error, gbogbo ẹ̀ mú gíríìnì, ló bá ń kó tool ẹ̀ sí báàgì. Mo ní ṣé o ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, gíríìnì ni o." Inú kọ́kọ́ bí mi, nígbà tó yá ẹ̀rín ló pa mí, torí bí èmi náà ṣe rí nìyẹn.

Ìkíní, ẹ fi ojú ara yín ka nọ́ńbà tó wà lára CPU (ọpọlọ PLC náà), ẹ má ka ti páálí. CPU 1214C ti Siemens, DC/DC/DC (tó ń jẹ 24 volt) àti AC/DC/Rly (tó ń jẹ iná NEPA) jọra bí ìbejì, 1AG40 àti 1BG40 inú nọ́ńbà ló yà wọ́n, ẹ wá lọ fa iná NEPA sí ti 24 volt kẹ́ ẹ rí èéfín.

Ìkejì, firmware, ìyẹn sọ́fítíwíà inú CPU fúnra ẹ̀. Tí version tẹ́ ẹ mú nínú TIA Portal (sọ́fítíwíà tá a fi ń kọ program PLC Siemens) bá ga ju ti inú CPU lọ, kò ní wọlé, ẹ ó kàn máa bú cable lásán.

Ìkẹta... ìkẹta yìí gan-an ni mo bá wá.

Ilé iṣẹ́ omi kan ni, lójú ọ̀nà Ìlọrin níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, oṣù kẹta, oòrùn ń mú gan-an. Analog input (ojú tí sensor ń gbà wọlé) tó wà lára 1214C, 0 sí 10 volt nìkan ló ń gbà, sensor táǹkì sì jẹ́ 4 sí 20 mA (4 tí táǹkì bá gbẹ, 20 tó bá kún), mo bá fi SM 1231, módù analog input, kún un. Mo tẹ Detect nínú TIA Portal, ó kó módù wá fúnra ẹ̀, orí mi wú. Àṣé Detect ò mọ ohun téèyàn so mọ́ módù, voltage ló gbé wá, mo yí i sí current, mo wá mú 0 sí 20 dípò 4 sí 20. Ìlà kan péré.

Mo sì test ẹ̀ o! Táǹkì kún lọ́jọ́ náà, skríìnì sọ 100. Kò lè ṣe kó má sọ bẹ́ẹ̀, 20 mA ló ń bọ̀, 27648 (nọ́ńbà tí CPU fi ń pe 100%) ni 0 sí 20 àti 4 sí 20 méjèèjì máa fún yín. Ìsàlẹ̀ ló ti já mi sí kòtò: 4 mA lórí 0 sí 20 ń jẹ́ 5530, ìyẹn 20%. Táǹkì gbẹ, skríìnì ní 20. Èmi sì ti ní kí pọ́ńpù kú tó bá dé 15, kò lè dé 15 títí ayé.

Ọjọ́ kẹta, Bàbá tó ń ṣọ́ pọ́ńpù fi spanner kan táǹkì, kẹ̀ǹ kẹ̀ǹ, ó ní "Ẹ̀ńjíníà, gbọ́ ohùn ẹ̀, òfìfo ni." Mo nawọ́ sí skríìnì, mo ní "Ẹ fọkàn balẹ̀ Bàbá, kọ̀ǹpútà kì í parọ́." Ó wò mí, ó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Kò tó wákàtí kan tí òórùn rọ́bà fi gba gbogbo ibẹ̀, seal jó, pọ́ńpù há, kọ́ìlì inú ẹ̀ náà jó tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá gé owó oṣù mi fún oṣù márùn-ún. Ìyẹn ò dùn mí tó bó ṣe ń fi mí han àlejò, "ẹ̀ńjíníà wa tó ń fún afẹ́fẹ́ ní 20." Ó ṣì ń dùn mí títí dòní, torí òun náà ló ní loop calibrator (irinṣẹ́ tó ń fi mA tẹ́ ẹ bá fẹ́ ránṣẹ́ bíi sensor) ti wọ́n jù. Owó ara mi ni mo fi rà á. Ẹ fi 4 mA sí i, ẹ fi 12, ẹ fi 20: 0, 50, 100 lẹ gbọ́dọ̀ rí lórí skríìnì.

Èyí ni mo gbé fún ọmọ ti Tuesday yẹn. Ó fi 12 sí i, 60 ló rí. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn rọra tú báàgì ẹ̀ sílẹ̀.