Orúnkún Màámi àti ibi tá a máa dé sí l'Ábújá

Aago mọ́kànlá ti lù, gbogbo ilé ti sùn, ìná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, díẹ̀ ló sì kù kí fóònù mi kú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ èyí kí n tó sùn torí láti Sátidé la ti ń wá ibi tá a máa dé sí l'Ábújá, òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kò.

Àwọn ọmọ ti gba họ́lídè, Dádì wọn náà rí lívù gbà, ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, tìtorí Màámi gan-an la ṣe ń lọ. Látìgbà tí wọ́n ti wá bá wa gbé ní Kàdúná níbí ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ kírun Jímọ̀ kan ní National Mosque kí àwọn tó padà sí Ọ̀fà. Orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti máa ń rí i, òrùlé rìbìtì aláwọ̀ góòlù yẹn àtàwọn ilé gogoro mẹ́rin tó yí i ká, wọ́n á na ìka sí i, wọ́n á ní "Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí irú àwa yìí wọbẹ̀?" Tí wọ́n bá ti bi mí bẹ́ẹ̀, àánú wọn á ṣe mí gan-an, torí Ábújá ò jìnnà sí wa rárá. Ẹ̀rù ọ̀nà ló dá wa dúró. Reluwé tá a sì wá sá sí, bí àwọn agbébọn ṣe kọlù ú ní March 2022 ò ṣeé gbàgbé, ó tún bẹ̀rẹ̀ ní December ọdún yẹn ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ọkàn mi tó gbà á. Ní báyìí a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, gbogbo wa pẹ̀lú NIN wa, Tọ́sìdeè la máa wọ̀ ọ́ ní Rigasa, ibùdókọ̀ reluwé Kàdúná níbí.

Ó wá ku ibi tá a máa sùn.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Kubwa, ti Màámi sì ti parí síbẹ̀. "Ọmọ tí mo fi inú mi bí ní ilé l'Ábújá, ẹ wá fẹ́ kí n lọ máa sanwó sùn nílé onílé?" Mi ò lè dá wọn lẹ́bi, tó bá jẹ́ èmi náà ni mo dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ohun tí màá sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n yàrá méjì ni àbúrò mi ní, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ìbejì tí ò tíì pé oṣù mẹ́rin, kí àwa mẹ́fà tún wá rọ́ wọlé, ìyàwó yẹn ò ní sọ̀rọ̀ o, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n èmi náà ti bímọ rí, mo mọ bí ara ṣe máa ń rí. Omi wọn, mai ruwa, àwọn tó ń ta omi kiri, ló ń gbé e wá. Kubwa sí àárín ìlú láàárọ̀ kì í ṣe eré, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń wọ ìlú lẹ́ẹ̀kan náà lójú títì yẹn. Èyí tó wá le jù níbẹ̀, orí petẹ́ẹ̀sì ni ilé rẹ̀ wà, òkè pátápátá. Mo ní kó bá mi ka àtẹ̀gùn rẹ̀, ó kà á, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Orúnkún òsì Màámi ti ń dùn wọ́n láti bí ọdún mẹ́ta. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ níbi àtẹ̀gùn mẹ́ta péré tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ṣáájú, wọ́n á wá fa ìkejì lé e, wọ́n á tún dúró. Ibi tí wọ́n máa ń fọwọ́ kàn lára ògiri yẹn ti dúdú. Mo máa ń nu gbogbo ògiri yòókù, mi ò kì í nu ibẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe hòtẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Ọ̀kan wà ní Wuse 2 tí fọ́tò rẹ̀ dára gan-an, wọ́n ní àwọn ní yàrá méjì nísàlẹ̀, wọ́n ní bùréèdì àti ẹyin wà láàárọ̀, owó rẹ̀ wọ́n ṣùgbọ́n Dádì wọn ní ká san án. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ní kí àbúrò mi kọ́kọ́ yà síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Fídíò tó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, mo wò ó tó ìgbà márùn-ún. Ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń sọ yẹn, àtẹ̀gùn mẹ́fà lèèyàn máa sọ̀ kó tó débẹ̀. Ó wá wọ balùwẹ̀, ó dúró ti bathtub, ètí rẹ̀ ga dé orúnkún òun fúnra ẹ̀, inú rẹ̀ sì lèèyàn gbọ́dọ̀ wọ̀ kó tó lè wẹ̀. Ó rọra sọ̀rọ̀ nínú fídíò yẹn, "Àǹtí mi, ṣé Màámi á lè gbé ẹsẹ̀ kọjá ibí yìí?" Mi ò tiẹ̀ fèsì. Mo ń rí wọn níbi tí wọ́n ti ń wá ohun tí wọ́n máa dì mú, tí ilẹ̀ ń yọ̀, tí mi ò sì sí níbẹ̀.

Látìgbà yẹn, ìbéèrè mi yí padà. Mi ò béèrè Wi-Fi mọ́, mi ò béèrè oúnjẹ. Mo ń béèrè pé àtẹ̀gùn mélòó, balùwẹ̀ ńkọ́, mọ́tò lè dé ẹnu ọ̀nà? Torí kò sí ọ̀kadà láàárín ìlú Ábújá, láti 2006 ni wọ́n ti fòfin dè é, tí ilé bá wọnú jù, ẹsẹ̀ lèèyàn máa fi rìn jáde, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n wọ taxi tá ò mọ̀ lójú ọ̀nà nítorí one chance, àwọn olè tó ń fi mọ́tò gbé èrò kí wọ́n lè jà wọ́n lólè.

Ibi tá a wá mú, shortlet ni, ilé tí wọ́n ń fi háyà fún ọjọ́ díẹ̀, ní Garki, yàrá méjì àti kíṣìnì, kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí. Obìnrin tó ni ín ò tan mí. Ó ní àwa la máa ra ìná sínú mítà, ó ní gén àwọn ń kú láago mẹ́fà àárọ̀, ó sọ iye caution fee tí wọ́n máa dá padà tá ò bá ba nǹkan kan jẹ́. Nígbà tí mo béèrè balùwẹ̀, ó ní kí n dúró, ó gbé fóònù lọ síbẹ̀, ó fi hàn mí: ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ṣáwà lára ògiri. Ó wá ní, "Ìyá tèmi náà ń fi ọ̀pá rìn." Mo sanwó kí n tó gbé fóònù sílẹ̀.

Màámi ò kọ́kọ́ gbà. Dádì wọn ló wá rí ojútùú rẹ̀, ó ní ká sùn ní Garki títí di Sunday, kí wọ́n kírun Jímọ̀ wọn ní ìfọ̀kànbalẹ̀, ká mú àwọn ọmọ lọ sí Millennium Park àti Jabi Lake, alẹ́ tó kẹ́yìn ká wá lọ sùn ní Kubwa, torí reluwé ń dúró ní Kubwa, ibẹ̀ la ó ti wọ̀ ọ́ padà láàárọ̀ Monday. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yẹn, wọ́n á gùn ún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, àbúrò mi á wà lápá kan, èmi á wà lápá kejì. Wọ́n ronú sí i, wọ́n ní, "Mo ṣáà máa gbé àwọn ìbejì mi sun?" A ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ máa gbé wọn sun. Wọ́n ní ó ti tán.

Kí wọ́n tó lọ sùn, mo bá wọn nínú yàrá, wọ́n ti kó aṣọ sínú Ghana-must-go, ìborùn funfun Jímọ̀ ló wà lókè, wọ́n sì ń gbìyànjú àti ti àpótí tí wọ́n máa ń jókòó lé wẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Màámi, wọ́n ní àga níbẹ̀." Wọ́n ní, "Ṣé reluwé ò ní jẹ́ kí n gbé e ni?" Mo bá wọn tì í wọlé, mo fa síìpù rẹ̀.