Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì: àyẹ̀wò ọdún mi

Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé oṣù mẹ́ta ni màá fi tún gbogbo wáyà ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì bàálù mi tò, ìyẹn pátákó iwájú awakọ̀ tí àwọn mítà àti rédíò wà. Oṣù mẹ́wàá gbáko ló gbà mí. Àná ni mo so ìdì wáyà tó kẹ́yìn. N kò kábàámọ̀ ọjọ́ kan nínú wọn.

Cessna 172, bàálù kékeré, ni bàálù náà, ọdún 1966 ni wọ́n ṣe é, bátìrì fóólùtì 12 ló ń lò. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kéré lójú: bí mo bá ti tẹ rédíò láti bá àwọn adarí bàálù sọ̀rọ̀, ọwọ́ mítà epo á gbéra kúrò níbi tó wà. Bí mo bá tú rédíò sílẹ̀, á padà síbẹ̀. Mítà tó ń parọ́ epo fún èèyàn lójú òfuurufú, kò ṣeé gbójú fò dá.

Mo ti fẹ́ ra mítà tuntun. Ọ̀gá mi, mẹ́káníìkì bàálù tó ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n ń yẹ gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ mi wò kí wọ́n tó buwọ́ lù ú, ló dá mi dúró. Wọ́n ní, "Iná tó bá jáde nínú bátìrì gbọ́dọ̀ padà wọlé. Ọ̀nà ìpadàbọ̀ rẹ̀ ni kí o lọ wò." Bó ṣe rí nìyẹn. Bóòtù kan ṣoṣo lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì ni rédíò, mítà epo àti iná pánẹ́ẹ̀lì jọ ń gbà padà, ìpẹtà funfun tí alumíníọ̀mù máa ń ní sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Rédíò ń fa iná púpọ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, ọ̀nà ti há, mítà ló ń jìyà rẹ̀.

Nígbà tí mo gbé orí wọ ibẹ̀ ni mo tó rí ìyókù. Mo ka wáyà 70. Mẹ́rìnlá nínú wọn kò lọ síbì kankan: wọ́n ti yọ rédíò àtijọ́ tí wọ́n ń sìn, wọ́n gé wáyà rẹ̀, wọ́n wé téèpù mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n bá tiwọn lọ. Iná ṣì ń bẹ lẹ́nu méjì nínú wọn. Wáyà kan sì wà tó tín-ín-rín, tí bírékà rẹ̀ ń já lemọ́lemọ́, tí ẹnì kan wá fi bírékà áńpù 15 rọ́pò ti 5. Ìyẹn dùn mí. Wáyà ni bírékà ń ṣọ́, kì í ṣe rédíò. Bí bírékà bá lágbára ju wáyà lọ, wáyà ló máa jó.

Rọ́bà PVC ni ara àwọn wáyà àtijọ́ yẹn, ó ti gan, ó ń sán. Bí ó bá jó, èéfín rẹ̀ ń mú ásíìdì lọ́wọ́, inú bàálù kékeré kò sì ní ibi tí èèyàn lè sá sí. Wáyà tí wọ́n fi ike Tefzel bò ni mo fi rọ́pò gbogbo rẹ̀, irú èyí tó ń gba ooru 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Mo ń rántí bàálù Swissair 111 tó já sínú òkun létí Kánádà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1998, tí èèyàn 229 kú. Àwọn tó wádìí rẹ̀ ní ó jọ pé wáyà tó ta iná lókè àjà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí mo dé ibi wáyà mágínẹ́tò. Ẹ́ńjìnnì bàálù yìí kò gbára lé bátìrì láti jó epo. Mágínẹ́tò méjì ló ń ṣáná fún un. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi pípa, ńṣe ni wáyà kan so mágínẹ́tò mọ́ ara irin kí iná rẹ̀ lè ṣòfò síbẹ̀. Wáyà mìíràn, bó bá já, nǹkan á kú. Èyí, bó bá já, nǹkan kò ní kú mọ́. Kọ́kọ́rọ́ á wà ní pípa, ẹ́ńjìnnì á sì wà láàyè, ẹni tó bá fọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ iwájú lè tan án láìmọ̀. Fọ́nrán bàbà mẹ́ta péré ló kù tó di ti apá òsì mú. Àìmọye ìgbà ni mo ti fọwọ́ ti abẹ̀bẹ̀ yẹn. Mo pe ọ̀gá mi. Wọ́n wò ó títí, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n lọ mú páálí, wọ́n kọ "ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KÀN ÁN" sí i, wọ́n so ó kọ́ abẹ̀bẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti kánjú mọ́. N kì í gé wáyà kan láìjẹ́ pé mo ti yà á sínú ìwé. Gbogbo wáyà tuntun ló ní nọ́ńbà ní ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Ojú wáyà tí mo kọ́kọ́ fún mọ́ irin, ọ̀gá mi fọwọ́ fà wọ́n, méjìlélógún tú. Mo tún gbogbo wọn ṣe. N kò fi òjé jó wọn, nítorí ibi tí òjé bá parí sí ni wáyà ti máa ń le gan-an, ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì á sì ṣẹ́ ẹ níbẹ̀. Okùn tí wọ́n fi ìda pa ni mo fi dì wọ́n, torí etí okùn ike máa ń gé ara wáyà.

Ó ku kí a wọn bàálù náà, nítorí ìwọ̀n rẹ̀ ti yí padà, kí a sì yẹ páìpù afẹ́fẹ́ àwọn mítà wò bóyá ó ń jò. Ẹ̀dà méjì ni ìwé tí mo ya wáyà sí: ẹ̀dà kan wà nínú ìwé bàálù, èkejì wà nínú ọ̀rá lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì gan-an, níbi tí ẹni tó bá tún tú u lọ́jọ́ iwájú yóò ti kọ́kọ́ rí i.

Lánàá, kí n tó kúrò níbẹ̀, mo tan iná, mo tẹ rédíò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọwọ́ mítà epo kò mira.