Kí A Tó Gé E, Kí A Bi Aṣọ Léèrè

Nígbà tí télọ̀ bá gé aṣọ ẹbí tán, tí ó ti yọ bùbá, ìró àti gèlè lára rẹ̀, ohun tí ó ṣẹ́ kù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì ni èmi ń wá kiri. Ní Kàbbà níbí, bí ìnáwó òkú àti ìgbéyàwó bá ti ń pọ̀ sí i nígbà tí ọdún Kérésìmesì ń súnmọ́, àgékù aṣọ a máa kún ṣọ́ọ̀bù débi pé àwọn télọ̀ fúnra wọn a máa wá ẹni tí yóò bá wọn kó o. Àwọn tí ó ti mọ̀ mí kì í gbá tiwọn dànù mọ́. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń dì í sí dè mí, bí mo bá sì yọ sí wọn lọ́nà ọjà, "Ọ̀kún o, Àǹtí, ẹrù yín ti délẹ̀ o" ni wọn yóò fi kí mi.

Àpò àti aṣọ ìbora ni mo ń fi àgékù wọ̀nyí rán. Kì í ṣe iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ni mo ń jókòó tì í, nítorí pé ó ń tù mí lára. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí nípa wíwo àwòrán àpò tó rẹwà lórí fóònù, tí wọ́n sì wá jáde lọ ra aṣọ tí yóò bá àwòrán náà mu. Èmi kò fara mọ́ ọ̀nà yẹn. Aṣọ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè, nítorí pé irú òwú tí wọ́n fi hun ún, bí ó ti nípọn tó, àti bí etí rẹ̀ ti ń tú sí, ni yóò sọ bóyá àpò ni yóò dà tàbí aṣọ tí ènìyàn yóò fi bora sùn.

Bí mo bá tú ọ̀rá àgékù sílẹ̀, iná ni mo fi ń ṣe ìyàtọ̀. Mo máa ń fa òwú kan yọ létí aṣọ, mo sì máa ń ṣá iná sí i lórí àwo tánganran. Bí ó bá jẹ́ òwú gidi, yóò jó di eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òórùn rẹ̀ yóò sì dà bí ti ìwé tí ó jóná. Bí ó bá jẹ́ aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, yóò yọ́, yóò sì ká jọ di kókó dúdú líle kan. Àyẹ̀wò yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé aṣọ ìbora kò ṣeé rán láìsí áyọ́ọ̀nù gbígbóná, aṣọ onírọ́bà a sì máa lẹ̀ mọ́ áyọ́ọ̀nù. Ọ̀tọ̀ ni mo ń kó o sí, pẹ̀lú léèsì, fún àpò kéékèèké tí a ń kó owó sí. Èyí tí ó jẹ́ òwú, mo máa ń fọ̀ ọ́ kí n tó gé e, nítorí pé ànkárá tuntun ní sítáàṣì nínú, ó sì máa ń súnkì lẹ́yìn omi àkọ́kọ́. Àdìrẹ tí wọ́n fi elú pa láró kì í bá aṣọ mìíràn wọ inú omi kan náà lọ́dọ̀ mi. Mo máa ń fi omi ṣàn án títí tí omi yóò fi mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, funfun tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò di aláwọ̀ sánmà lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ ohun tí a rán.

Aṣọ òkè ni ó dára jù lọ fún àpò, òun náà sì ni ó le jù láti gé. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, kí wọ́n tó rán an mọ́ra wọn. Bí àlùmọ́gàjí bá sì ti kàn án, òwú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Nítorí náà, kí n tó gé e, mo máa ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ gọ́ọ̀mù sítéè mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí ó ń di òwú náà mú, tí ó sì ń jẹ́ kí àpò lè dá dúró. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16 ni mo ń lò, tàbí 18 níbi tí ìpele aṣọ bá ti pọ̀, pàápàá ìdí ọwọ́ àpò. Níbẹ̀, mo máa ń rán igun mẹ́rin yípo, mo sì máa ń rán àgbélébùú sí àárín rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹrù ti máa ń fà jù.

Ìdí àpò ni mo fẹ́ràn láti rán jù lọ. Lẹ́yìn tí mo bá ti rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ìsàlẹ̀ pọ̀, tí inú aṣọ ṣì wà níta, mo máa ń fi ìka fa igun ìsàlẹ̀ kan jáde, títí tí ojú ìránṣọ ẹ̀gbẹ́ yóò fi bọ́ sórí ojú ìránṣọ ìsàlẹ̀ gẹ́lẹ́, tí igun náà yóò sì di ṣóńṣó onígun mẹ́ta. Mo ń fi téèpù wọn ínṣì 2 láti orí ṣóńṣó náà wálẹ̀ lórí ojú ìránṣọ, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kọjá níbẹ̀, ìlà náà yóò sì jẹ́ ínṣì 4 ní ìbú. Bí mo bá ti rán an, tí mo gé ṣóńṣó náà kúrò, tí mo sì ti ṣe igun kejì bákan náà, aṣọ pẹlẹbẹ yóò di àpò tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ní ínṣì 4, tí a lè gbé kalẹ̀ láìṣubú. Inú rẹ̀, àdìrẹ tàbí ànkárá ni mo ń fi ṣe láínìn, mo sì máa ń fi àlàfo bí ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ láìrán ní ìsàlẹ̀ láínìn náà, kí n lè ti ibẹ̀ fa gbogbo àpò yí padà sóde.

Aṣọ ìbora ní tirẹ̀ kò nílò agbára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó nílò ìwọ̀n tí kì í yẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni: òkè tí a fi ègé aṣọ tò, àárín tí ó ń mú ooru, àti ẹ̀yìn. Bí mo bá gé ègé onígun mẹ́rin dọ́gba ní ínṣì 4½, tí mo sì ń fi ìdá mẹ́rin ínṣì kan rán etí gbogbo wọn, ègé kọ̀ọ̀kan yóò kù ní ínṣì 4 lẹ́yìn ìránṣọ. Mẹ́sàn-án nínú wọn, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní gígùn, yóò jẹ́ ojú kan tí ó jẹ́ ínṣì 12, ọgbọ̀n irú ojú bẹ́ẹ̀ yóò sì fún wa ní aṣọ tí ó fẹ̀ ní ínṣì 60, tí ó sì gùn ní 72. Bí etí ìránṣọ bá fi fọ́nrán òwú kan péré tóbi jù ní ègé kọ̀ọ̀kan, ojú ìránṣọ kò ní bá ara wọn pàdé mọ́ kí a tó dé ìparí ìlà. Ìdí nìyí tí mo fi ń lọ ojú ìránṣọ kọ̀ọ̀kan kí n tó rán òmíràn mọ́ ọn.

Ti àárín ni a kò gbọ́dọ̀ wo ojú àwọn ará òkèèrè ṣe. Òwú nínípọn tí wọ́n ń tẹ́ sí àárín tiwọn, òtútù yìnyín ni wọ́n fi ń dènà. Nílẹ̀ wa, ìgbà ọyẹ́ nìkan ni ènìyàn ń wá ohun tó nípọn díẹ̀ bora, nítorí náà ìró òwú tí ó ti gbó, tí ó sì ti rọ̀, ni mo ń tẹ́ sí àárín. Mo ń fi òwú funfun táàkì ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, lẹ́yìn náà ni mo ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an láti àárín lọ sí etí, kí aṣọ má bàa ká jọ sí ojú kan.

Ẹnìkan sọ fún mi pé iṣẹ́ òyìnbó ni aṣọ títò pọ̀. Ẹni tí ó bá ti wo ẹ̀wù egúngún dáadáa kò ní sọ bẹ́ẹ̀: ègé lórí ègé, aṣọ olówó lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kò níye lórí, etí wọn tí a fi aṣọ pupa onígun mẹ́ta mẹ́ta ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí àwọn ẹbí sì tún ń fi tuntun kún un. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Okun wa náà mọ aṣọ. Òfì òòró ni wọ́n ń lò, èyí tí a gbé ti ògiri, tí ó sì ń hun aṣọ fífẹ̀, yàtọ̀ sí ti àwọn ọkùnrin tí ń hun ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́. Ní Bùnú láyé àtijọ́, wọ́n máa ń hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìsìnkú àwọn ẹni ńlá, wọ́n sì máa ń tú òwú pupa lára aṣọ tí ó ti òkèèrè wá kí wọ́n lè rí i hun. Ẹ̀mí àgékù gan-an nìyẹn! Ọmọ Ògìdì ní Ìjùmú ni Nike Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà àdìrẹ, tí a bí ní 1951, tí ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ lọ́wọ́ ìyá ìyá-ńlá rẹ̀, tí ó sì ti ní ibùdó iṣẹ́ ọnà sí ìlú náà.

Ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Alabama, abúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní Gee's Bend. Àwọn obìnrin ibẹ̀, tí àwọn baba ńlá wọn jẹ́ ẹrú ní oko òwú, ti ń fi ṣòkòtò iṣẹ́ oko tí ó ti gbó rán aṣọ ìbora láti ìran dé ìran. Ibi tí orúnkún ti ṣá, ibi tí àpò ti wà tí aṣọ kò ṣá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kí ó hàn. Ní 2002, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ wọn ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Houston àti ní New York, ní 2006 sì ni ìjọba tẹ ẹ́ sórí òǹtẹ̀ ìfìwéránṣẹ́. Mo fẹ́ràn tiwọn ju àwọn onílànà tó ń tò ó gún régé lọ, nítorí pé aṣọ ni ó ń darí wọn.

Àwọn ọ̀rẹ́ ti bẹ̀ mí pé kí n máa rán àpò fún ìpín níbi ìnáwó, ọgọ́rùn-ún, gbogbo rẹ̀ bákan náà. Mo kọ̀. Ẹni tí ó bá ń rán ọgọ́rùn-ún àpò bákan náà yóò ra ìgàn aṣọ kan, yóò gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìgbádùn mi á sì di iṣẹ́ tí ó ní ọjọ́ àdéhùn. Bí ẹnìkan bá fẹ́ àpò lọ́wọ́ mi, kí ó mú ìró ìyá rẹ̀ tí ó ti fàya wá, kí ó sì fi mí sílẹ̀ kí n wo ohun tí ó kù lára rẹ̀. Èyí tí ó bá ṣì pé, tí wọ́n fi òfì òòró hun, èmi kò ní fi àlùmọ́gàjí kàn án, ẹnikẹ́ni tí ì báà mú un wá. Ojú ibi tí ikán tàbí eku bá ti jẹ nìkan ni mo ń gé.