Ibi tí àwòrán àti ohùn ń gbé nínú ètò Python tí a ti dì

Ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, àwa díẹ̀ ń ṣe ètò kan tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọdé ní kíkà Yorùbá, nítorí pé Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní ilé-ẹ̀kọ́. Àwòrán àti ohùn àwọn àgbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí pé kò sí Python, èdè tí a fi kọ ètò náà, lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń gbé e lọ, PyInstaller ni a fi ń di gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo.

Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí pé: «Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí àwòrán ń hàn kí a tó di ètò náà, tí a bá sì dì í tán, FileNotFoundError (àṣìṣe pé a kò rí fáìlì) ni à ń rí?»

Àwọn módùù (àwọn fáìlì kóòdù mìíràn) tí kóòdù fi import pè ni PyInstaller ń wá fúnra rẹ̀. Kò mọ̀ pé orúkọ àwòrán tí a kọ sáàárín àmì àyọlò jẹ́ fáìlì tí ó yẹ kí ó kó mọ́ra, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fi --add-data "aworan:aworan" sọ fún un. Lẹ́yìn èyí, nígbàkúùgbà tí a bá ṣí fáìlì kan ṣoṣo yẹn, yóò tú ẹrù rẹ̀ sínú fódà ìgbà díẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú _MEI, sys._MEIPASS a sì máa tọ́ka síbẹ̀. Ṣùgbọ́n open("aworan/eja.png") ń wo fódà tí a ti pe ètò náà, kì í wo ibẹ̀. Path(__file__).resolve().parent / "aworan" ni mo fara mọ́ jù, torí pé láti PyInstaller 4.3 ni __file__, tó ń sọ ibi tí fáìlì kóòdù wà, ti ń jẹ́ ojú-ọ̀nà kíkún, tí ìlà kan náà sì ń ṣiṣẹ́ yálà a ti di ètò tàbí a kò tíì dì í.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kíyè sí jù lọ ni ti kíkọ nǹkan sílẹ̀. Bí ètò bá ti parí, fódà _MEI náà yóò pa rẹ́, òmíràn ni yóò sì dá nígbà mìíràn. Máàkì ọmọ tí a bá kọ síbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Path.home(), fódà ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà, ni kí a fi í sí, tàbí, bí ó bá jẹ́ orí USB ni ètò náà ń gbé, ẹ̀gbẹ́ sys.executable (fáìlì ètò náà fúnra rẹ̀), kí máàkì lè bá USB rìn.

Ní ti ohùn, ó wúwo, títú u ní gbogbo ìgbà sì ń mú kí ètò pẹ́ kí ó tó ṣí. Fún ìyẹn, --onedir, tó ń di ètò sínú fódà dípò fáìlì kan ṣoṣo, ni mo yàn: kò sí títú kankan, àti láti PyInstaller 6.0, inú fódà _internal ni àwọn fáìlì náà máa ń wà, __file__ sì ń bá wọn níbẹ̀ láìsí àyípadà kankan nínú kóòdù.